Ẹ́ńjìnnì Kan, Ọdún Kan: Ohun tí Mo Mọ̀ nípa Kíkó Àwòṣe Ọkọ̀ Ojú Irin Ayé Àtijọ́ Jọ

Bí wọ́n bá gbé àwòṣe Rocket, ẹ́ńjìnnì ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ka iwájú mi, ara sìlíńdà rẹ̀, ìyẹn àgbá irin tí oru omi ti ń ti ọ̀pá tó ń yí wíìlì, ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Dídán ọ̀dà rẹ̀ lè dúró ná, páálí rẹ̀ náà lè dúró. Bí sìlíńdà méjèèjì bá dà gẹ̀rẹ́ láti òkè lẹ́yìn wá sísàlẹ̀ níwájú, tí gẹ̀rẹ́ náà tó nǹkan bíi díígírì 35 sí 38, Rocket ti oṣù kẹwàá ọdún 1829 nìyẹn, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbi ìdíje àwọn ẹ́ńjìnnì ní Rainhill nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí sìlíńdà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja, tí gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi díígírì 8 lọ, Rocket tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ìdíje nìyẹn. Nínú àwọn àtúnṣe yẹn náà ni wọ́n ti gé ọ̀pá èéfín rẹ̀ kúrú, tí wọ́n sì kan àpótí èéfín mọ́ ọn níwájú. Ògidì Rocket tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wà ní Shildon báyìí, sìlíńdà tó sùn ló ní. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwòṣe, ọ̀dà yẹ́lò àti ọ̀pá èéfín funfun ti Rainhill ni wọ́n sábà máa ń fi kùn ún.

Méjèèjì ló tọ̀nà láyè ara wọn. Èyí tí mi ò ní rà ni èyí tí wọ́n da ti ọdún méjì pọ̀ sára rẹ̀: ọ̀pá èéfín gíga ti Rainhill lókè, sìlíńdà tó sùn nísàlẹ̀.

Ìdí abájọ gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Àwòṣe tó bá ìtàn mu, àwòṣe ẹ́ńjìnnì kan pàtó ni, lọ́dún kan pàtó. Ẹ́ńjìnnì ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í pẹ́ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe bí i. Wọ́n á pààrọ̀ bọ́ílà rẹ̀, ìyẹn ìkòkò irin tó ń hó omi, wọ́n á kọ́ ilé bo awakọ̀ tí òjò ti ń pa tẹ́lẹ̀, wọ́n á so pọ́ǹpù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì tún un kùn nígbà tí ọ̀gá tuntun bá dé. Nítorí náà, kí n tó bèèrè iye owó, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ọdún wo lèyí? Bí mi ò bá rí ìdáhùn kan ṣoṣo, mo ti mọ̀ pé ìṣòro wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí Rocket díẹ̀ sí i, torí ó kéré, gbogbo nǹkan ara rẹ̀ ló sì hàn síta. Wíìlì ńlá iwájú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8½, ti ẹ̀yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹṣì 6. Ní ìwọ̀n OO, níbi tí mìlímítà 4 ti dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ti iwájú gbọ́dọ̀ tó 18.8 mm, ti ẹ̀yìn 10 mm. Igi ni wọ́n fi ṣe wíìlì ńlá náà, wọ́n wá fi irin yí i ká, nítorí náà ọ̀pá inú wíìlì àwòṣe gbọ́dọ̀ nípọn bí igi. Bí ó bá tín-ín-rín bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, iṣẹ́ ò tíì parí. Lára tẹ́ńdà, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, àgbá igi ni omi wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dá sínú iná kì í ṣe èédú ilẹ̀ dúdú tó ń dán, kóòkì ni, èédú tí wọ́n ti sun tẹ́lẹ̀ kó má bàa rú èéfín. Àwọ̀ eérú ló ní, kò sì dán. Bí àwòṣe ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé èrò ní nǹkan bí 1830 sí 1850 bá gbé èédú dídán, mo máa ń tú u kúrò, kí n sì fi kóòkì gidi tí mo fi òòlù lọ̀ dípò rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ tó ní ihò 1 mm sẹ́ ẹ, ẹ da gúlù funfun pọ̀ mọ́ omi ní ọgbọọgba, kí ẹ kán ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan sí i. Láìsí ọṣẹ yẹn gúlù náà kò ní wọ ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló máa le.

Ẹ́ńjìnnì tó kọ́ èèyàn jù lọ ni Terrier ti iléeṣẹ́ London, Brighton and South Coast Railway. William Stroudley ló yà á, 50 ni wọ́n kọ́ láàárín 1872 sí 1880, àwòṣe rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà gan-an. Àwọ̀ ni ìdánwò àkọ́kọ́. Orúkọ tí Stroudley sọ ọ̀dà rẹ̀ túmọ̀ sí "àwọ̀ ewé ẹ́ńjìnnì tí a mú dára sí i", àmọ́ yẹ́lò tó ṣókùnkùn bí ìyeyè tó pọ́n kọjá ni ọ̀dà náà. Ẹni tó bá ka ìwé láìwo àwòrán aláwọ̀ lè kun Terrier ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú ọkàn tó mọ́, kó sì ṣìnà pátápátá.

Ìdánwò kejì le díẹ̀. Láti 1911 lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ílà tuntun sára àwọn Terrier, orúkọ wọn wá yí padà láti A1 di A1X. Ẹ wo iwájú rẹ̀: àpótí èéfín A1X gùn ju ti A1 lọ. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ wíìlì àkọ́kọ́: lára A1 ti Stroudley, àpótí iyanrìn wà lára ìbòrí wíìlì níwájú, ó sì yọ síta dáadáa, lára A1X, wọ́n ti gbé e lọ sísàlẹ̀. Níbi yìí ni àwòṣe tó rẹwà ti máa ń mú èèyàn. Stepney, nọ́ńbà 55, wà ní Bluebell Railway láti 1960. A1X ni, wọ́n sì ti kùn ún ní yẹ́lò Stroudley níbẹ̀. Àwòṣe yẹ́lò tó ní àpótí èéfín gígùn jẹ́ àwòṣe Stepney tòótọ́, ṣùgbọ́n Stepney lẹ́yìn 1960 ni. Kò lè jókòó lórí pẹpẹ kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ èrò ọdún 1875. Ẹni tó bá fẹ́ ti Stroudley gan-an, kó wá A1: àpótí èéfín kúkurú, orúkọ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù lára táńkì ní lẹ́tà wúrà, Poplar tàbí Wapping tàbí Fenchurch. Bó bá jẹ́ pé ọdún 1872 ló fẹ́, kó tún wò ó bóyá pọ́ǹpù bíréèkì Westinghouse wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé awakọ̀, torí wọn ò tíì so ó mọ́ ọn nígbà yẹn. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá jẹ́ búráùn, kí ó gbé e padà: ọ̀rúndún ogún ni búráùn yẹn.

Àwọn nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n dà bí òǹtẹ̀ ọdún lára ẹ́ńjìnnì, mo sì máa ń wá wọn kí n tó wá ohun mìíràn. Injector tó ń fi agbára oru omi ti omi wọnú bọ́ílà, Henri Giffard ló hùmọ̀ rẹ̀ ní 1858. Àwòṣe 1845 kò gbọdọ̀ ní in, pọ́ǹpù tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń fà ló yẹ kó ní. Páìpù bíréèkì tó ń yọ ọrùn lórí pákó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́: lẹ́yìn jàǹbá Armagh ní oṣù kẹfà 1889 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ èrò. Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń lò ó kó tó dìgbà yẹn, nítorí náà tí páìpù bá wà lára ẹ́ńjìnnì 1880, ẹ wádìí; tó bá wà lára ti 1860, ẹ fi bíléèdì gé e. Àwọn àwòṣe míì ní páìpù yìí nínú ọ̀rá kékeré kí olówó fúnra rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ẹ má kánjú lẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn. Òmíràn wà fún ọdún 1895, òmíràn fún 1910, wọ́n kàn dà wọ́n pọ̀ ni.

Ní ti ọ̀dà, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọdún ìyípadà tirẹ̀. London and North Western kùn ní àwọ̀ ewé títí di 1873, lẹ́yìn náà dúdú. Midland bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé, kó tó bọ́ sí pupa tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ní àwọn ọdún 1880. Ti Great Western ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ: àwọ̀ ewé wà lókè láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá rò pé kò sí ohun tó yí padà. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, férémù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì jẹ́ pupa tó sún mọ́ búráùn. Ní nǹkan bí 1906 ló di dúdú. Àwòṣe Great Western 1890 tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ọ̀rúndún ogún ló fi ṣe bàtà.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi fọ́tò àtijọ́ ṣe ẹ̀rí àwọ̀, kó mọ ohun méjì. Gíláàsì fọ́tò ayé ìgbà yẹn kì í rí pupa àti yẹ́lò dáadáa, búlúù ló ń rí jù. Ohun tó pupa á jáde ní dúdú, ohun tó jẹ́ búlúù á funfun. Terrier yẹ́lò lè dà bí ẹ́ńjìnnì dúdú nínú fọ́tò. Èkejì ni pé nígbà tí wọ́n bá kọ́ ẹ́ńjìnnì tán, àwọn iléeṣẹ́ a máa kùn ún ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú ilà funfun kí fọ́tò rẹ̀ lè mọ́, lẹ́yìn fọ́tò ni wọ́n á wá fi ọ̀dà tòótọ́ kùn ún. Fọ́tò yẹn dára púpọ̀ fún nọ́ọ̀tì, fáàfù àti páìpù. Fún àwọ̀, kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún wa ní ẹ̀rí tó lágbára jù nípa èyí. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1869, ẹ́ńjìnnì Jupiter ti Central Pacific àti nọ́ńbà 119 ti Union Pacific fojú kojú ní Promontory ní Utah. Àwọn méjèèjì ti di àkúfọ́ irin tipẹ́tipẹ́. Àwọn àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí, 1979 ni wọ́n parí wọn. Pupa ni wọ́n kọ́kọ́ kun Jupiter, nígbà tó yá ni ìwé ìròyìn 1869 kan fi hàn pé búlúù ló pọ̀ jù lára irú ẹ́ńjìnnì yẹn, pẹ̀lú pupa àti wúrà, wọ́n sì tún un kùn. Nítorí náà àwòṣe Jupiter pupa àti àwòṣe Jupiter búlúù máa ń wà lọ́jà pa pọ̀. Búlúù ni mo máa ń mú. Ẹ tún wo orí wọn: igi ni Jupiter ń jó, ọ̀pá èéfín rẹ̀ gbòòrò lókè bí àdó kí ẹ̀ṣẹ́ná má bàa fò jáde, èédú ilẹ̀ ni 119 ń jó, ọ̀pá tirẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan. Tẹ́ńdà gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá mu. Ìkọ́ tó ń há mọ́ra bí ìka ọwọ́ méjì, 1873 ni Eli Janney gba àṣẹ rẹ̀, ó sì di 1893 kí òfin tó mẹ́nu bà á. Ti 1869 gbọ́dọ̀ jẹ́ òrùka irin tí wọ́n fi píìnì há. Àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ìkọ́ Janney sí i kí àwòṣe lè fa ọkọ̀ míì láìsí wàhálà. Mi ò bá wọn jà, mo kàn máa ń pààrọ̀ ti iwájú, níbi tí ojú ti ń wò ó, kí n sì fi ti ẹ̀yìn tẹ́ńdà sílẹ̀.

General tí wọ́n jí gbé nígbà ogun abẹ́lé ní 1862, òun náà ṣì wà, ní Kennesaw ní Georgia. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn ogun, ìrísí rẹ̀ lónìí kì í ṣe ti 1862. Irin tó ń rìn lórí rẹ̀ nígbà yẹn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ní 1886 ni gbogbo gúúsù Amẹ́ríkà sún irin wọn mọ́ra. Àwòṣe tí wọ́n wọn lára èyí tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù, General àgbàlagbà ni.

Ó yẹ kí kálípà oní-nọ́ńbà, ohun ìwọ̀n kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn, wà lápò ẹni tó ń kó àwòṣe jọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní OO, ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 4 mm, ínǹṣì kan jẹ́ ìdámẹ́ta mìlímítà. Ní HO tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń lò, ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 3.5 mm. Wíìlì Terrier jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 16 mm. Ti Stirling Single, nọ́ńbà 1 ti Great Northern, 1870, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 1, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ 32.3 mm. Ti Jupiter jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, ní HO 17.5 mm. Orí ibi tó ń tẹ irin ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́ etí wíìlì. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò. Etí wíìlì àwòṣe ga ju bó ṣe yẹ lọ kó má bàa fò kúrò lórí irin, nítorí èyí àwọn tó ń ṣe é máa ń dín wíìlì kù kí etí náà má bàa ha ìbòrí rẹ̀. Wíìlì tó dín ní ìdajì mìlímítà, mo lè fara dà á. Tó bá dín ní 1.5 mm lára ẹ́ńjìnnì oníwíìlì-ńlá-kan bíi Stirling, gbogbo ẹwà rẹ̀ ti lọ, torí wíìlì yẹn ni ẹ́ńjìnnì náà.

Àléébù kan wà tí OO bí mọ́ ara rẹ̀. Irin tòótọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8½, ní 4 mm ìyẹn jẹ́ 18.83 mm. Irin OO jẹ́ 16.5 mm péré, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń rìn lórí ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 1½. Lára ẹ́ńjìnnì ńlá ọ̀rúndún ogún, kì í hàn púpọ̀. Lára ẹ́ńjìnnì kékeré tí wíìlì rẹ̀ wà níta gbangba, ẹ wò ó láti iwájú, ẹ máa rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọnú. Àwọn tí èyí ń dùn máa ń lọ sí ìwọ̀n irin tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, EM, 18.2 mm, tàbí P4, 18.83 mm. Bí ẹ bá fẹ́ kan fi í ṣe ọ̀ṣọ́ lórí pẹpẹ, ẹ fi owó yẹn ra ẹ́ńjìnnì míì.

Tó bá di tokunbọ̀, ẹ bèèrè fọ́tò mẹ́fà: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí, àti ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ yà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ bèèrè fídíò tó ń rìn jẹ́jẹ́, kó má ṣe sáré. Eré a máa bo àléébù. Ẹ tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá ń gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan fún ìyípo wíìlì kọ̀ọ̀kan, gíà oníke ti là. Wọ́n rọ gíà náà mọ́ ọ̀pá irin pẹ̀lú ipá, bí ọdún ti ń gorí ọdún ike ń sún kì, irin kì í sún kì, ni gíà bá pín sí méjì. Gúlù ò ràn án. Tuntun ni kí ẹ rà, tí kò bá sì sí tuntun, kí iye owó tí ẹ máa san lọ sílẹ̀.

Ohun tó ń pa àwòṣe ní tòótọ́ ni àrùn síńkì. Férémù ọ̀pọ̀ àwòṣe jẹ́ síńkì tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòdà. Bí òjé díẹ̀ bá bọ́ sínú síńkì náà nílé iṣẹ́, láti inú ni yóò ti máa jẹra: á wú, á tẹ̀, á sán, á sì wá di ẹ̀rún bíi bísíkíìtì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á ni àìsàn náà ti wà lára rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin kàn ń yára lé e ni. Kò sí oògùn rẹ̀. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: mo gbé àwòṣe lé orí gíláàsì tó tẹ́jú. Bí wíìlì kan bá gbé sókè, tàbí tí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, mo fura. Mo fi kálípà wọn àárín wíìlì àkọ́kọ́ sí ìkẹyìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tí wọ́n bá fi 0.3 mm yàtọ̀ síra, férémù ti ń wú. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí etí síkírúù, torí ibẹ̀ ni ìlà tín-ín-rín bí irun ti ń kọ́kọ́ yọ. Ọ̀dà tó ń hó bí ẹni pé iná jó o náà jẹ́ àmì. Bí ó bá ti wà nílé yín, ẹ tú ara òkè kúrò lórí férémù kó tó fà á ya, ẹ tọ́jú ara òkè, kí ẹ wá férémù míì.

Àwòṣe idẹ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ní Japan àti Korea, tiwọn yàtọ̀. Idẹ kì í jẹra bẹ́ẹ̀, àmọ́ òógùn ọwọ́ ń bà á jẹ́: àmì ìka á yọ lábẹ́ fáníìṣì, kò sì ní kúrò mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀tá rẹ̀ kejì wà nínú páálí rẹ̀ gan-an. Fóòmù àwọn ọdún 1960 sí 1980 máa ń rà, á di ìyẹ̀fun tàbí kó máa lẹ̀ bí oje igi, á sì jẹ fáníìṣì. Bí ẹ bá ti ra èyí tó ti pẹ́, ẹ yọ fóòmù yẹn dà nù lọ́jọ́ náà, ẹ fi bébà tí kò ní ásíìdì wé ẹ́ńjìnnì. Páálí fúnra rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀, òun àti ìwé inú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nípa ibi tí ẹ máa tò wọ́n sí: àpótí gíláàsì tàbí ike tó mọ́ ló dára. Ẹ má fi igi óòkù tàbí pákó MDF ṣe é bí àwòṣe òjé tàbí white metal, irin rírọ̀ tó ń tètè yọ́, bá wà nínú rẹ̀. Ásíìdì tó ń jáde lára igi wọ̀nyẹn máa ń sọ òjé di ìyẹ̀fun funfun. Ìyẹ̀fun yẹn ní májèlé, ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́nu. Kí òòrùn má ta sí wọn. Kí ooru wà láàárín díígírì Celsius 15 sí 20, kí ọ̀rinrin wà láàárín ìdá 40 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ilẹ̀ tó móoru bíi tiwa, èyí le. Ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe burú ju ti ooru lọ, nítorí náà ẹ fi àpò silica gel sínú àpótí tó dé dáadáa, kí ẹ máa yan án gbẹ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà.

Àwòṣe tó dúró fún ọdún kan láìrìn, gíríìsì rẹ̀ á le. Kí ẹ tó fún un níná, ẹ fi ọwọ́ yí i wò bó bá ṣe é yí. Ẹ fi igi òwú tí a fi ń nu etí nu ẹsẹ̀ wíìlì pẹ̀lú isopropyl, ìyẹn ọtí ìfọǹkan, ẹ kán òróró tí kò ń jẹ ike ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ẹnu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ní orí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kán méjì ti pọ̀ jù, á ṣàn dé ibi tí iná ti ń wọlé. Lẹ́yìn náà kí ó rìn fún ìdajì wákàtí síwájú, ìdajì wákàtí sẹ́yìn, láìfa ohunkóhun. Ẹ fi ohun ìwọ̀n wo àárín wíìlì méjì láti ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn: 14.5 mm ni fún OO. Àwọn ẹ́ńjìnnì oníwíìlì-ńlá-kan ní ìṣòro tiwọn, wọ́n á máa yí lójú kan láìlọ. Ohun tó fà á ni pé àwọn wíìlì kékeré iwájú àti ẹ̀yìn ti gbé ẹrù tó yẹ kó wà lórí wíìlì ńlá. Ẹ dín ipá sípíríìnì àwọn wíìlì kékeré kù, kí ẹ sì tún ìkọ́ tẹ́ńdà ṣe kí iwájú tẹ́ńdà lè máa tẹ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Fífi òjé kún inú bọ́ílà láìkọ́kọ́ ṣe èyí, iṣẹ́ òfo ni.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wuni kò sí lọ́jà, àfi kéèyàn ra èyí tí wọ́n gé lára idẹ pẹlẹbẹ kó sì tò ó fúnra rẹ̀. Aṣiṣe tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni fífi líìdì, ìyẹn irin tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ irin mọ́ irin, tó ń yọ́ ní díígírì Celsius 70 lẹ white metal mọ́ idẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní mú. Ẹ kọ́kọ́ fi líìdì tó ń yọ́ ní 145 pa ojú idẹ náà, kí ó wá gba ti 70. Ẹ sì fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́ lọ́jọ́ náà, torí ásíìdì tí a fi ń jó líìdì, bí ó bá sùn mọ́jú lórí idẹ, á di àwọ̀ ewé.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì ilé wa máa lò. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na irin Lagos Government Railway láti Ìddó, ó dé Ìbàdàn kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Irin rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6, 1,067 mm. Ní OO, ìyẹn jẹ́ 14 mm, irin tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í wà lórí igbá. Ẹ má ṣe é ní OO. Ẹ ṣe é ní 1:64, níbi tí 1,067 mm ti jẹ́ 16.67 mm, kí ẹ gbé e lé irin OO 16.5 mm tó wà káàkiri, pẹ̀lú wíìlì àti mótò OO lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Rocket orí irin kan náà fi ṣì jẹ́ 2.3 mm, ti Ìddó kò tó 0.2.